Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Ká Má Fọwọ́ Sọ̀rọ̀ Mọ́

Ìkìlọ̀ kan wọ orí fóònù mi láàárọ̀ yìí, nínú gúrúùpù àwa ìyá ládùúgbò. Ẹ̀yin náà á ti rí irú rẹ̀ rí. Lẹ́tà ńláńlá ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ fòfin de gbogbo mẹ́sééjì tí wọ́n ń tì pa, ìyẹn èyí tó jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí nìkan ló lè kà á. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, ìjọba gbọ́dọ̀ lè ṣí ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn wò. Wọ́n wá ní ká fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí a bá fẹ́ràn.

N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo bi ọmọ mi, ó ní irú ìkìlọ̀ yìí ti ń lọ káàkiri tipẹ́, pé kí n má tíì gbà á gbọ́. Ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkìlọ̀ yẹn ló já mi láyà. Èsì tí àwọn èèyàn ń kọ sábẹ́ rẹ̀ ni!

Ọ̀kan ní òun ò bẹ̀rù, òun ò ní ohun tí òun ń fi pamọ́. Òmíràn ní kí wọ́n tiẹ̀ tètè ṣe é, kí ọwọ́ lè tẹ àwọn ajínigbé. Ẹnì kan fi ẹ̀rín sí tiẹ̀, ó ní ẹni tí kò jalè, kí ló fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣe?

Mo gbé fóònù kalẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ fífi nǹkan pamọ́ yẹn rí, lẹ́nu ọkùnrin kan tó fẹ́ fa ọmọ mi lé sójà lọ́wọ́. N kì í sọ ìtàn yìí fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀, ẹ bá mi kà á. Lónìí, mo fẹ́ sọ ọ́.

Ayé àwọn ológun ni, ìgbà SAP, tí èèyàn máa lọ sọ́jà lónìí tí iye owó àná á ti di nǹkan mìíràn. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ti tì í pa báyìí, ṣọ́ọ̀ṣì ló wà níbẹ̀. Agége là ń gbé, ẹsẹ̀ la sì fi ń rìn lọ, à ń gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin.

Tí ẹ ò bá tíì wọ yàrá ìhunṣọ rí, ẹ ò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ariwo. Ẹ rántí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ilé tí kò ní sílíǹgì. Ẹ wá fi òkúta kún òjò náà. Tí èèyàn bá ń pariwo sí yín létí níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ tó ń là tó ń pa dé nìkan lẹ máa rí.

Nítorí náà, ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó ṣáájú wa níbi iṣẹ́ ló fi í sílẹ̀ fún wa. Tí òwú bá já, a ó ṣe ìka méjì bíi sísọ́ọ̀sì. Tí a bá fọwọ́ pa àgbọ̀n, súpáfáísọ̀ ń bọ̀ nìyẹn, torí ó ní irùngbọ̀n. Ìyá kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìjẹ̀bú ló kọjú máṣíìnì sí tèmi. Ìyá yẹn lè fi ìka mẹ́wàá ròyìn gbogbo ìjà òun àti àǹtí ọkọ rẹ̀ láì jẹ́ kí òwú kan já, èmi á sì máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi.

Àmì kan wà tó jẹ́ ti àwa obìnrin nìkan. Àtàǹpàkò ni a fi ń ra ọrùn ọwọ́ kejì. Ohun tó túmọ̀ sí gan-an, n kò ní sọ ọ́ níbí. Ọ̀rọ̀ ara obìnrin ni. Tí ẹnì kan bá ṣe é, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á bá a dúró ti máṣíìnì kó lè sáré lọ sẹ́yìn, kò sì sí ọkùnrin tó máa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Èyí tó wúwo jù nínú gbogbo wọn ni kíkáwọ́ lérí. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, èèyàn kì í ṣàdédé káwọ́ lérí, òfò ló ń fà. Ìdí tí wọ́n fi yàn án gan-an nìyẹn. Ó túmọ̀ sí pé: èèyàn wà nínú máṣíìnì, má fọwọ́ kàn án! Ẹni tó bá rí i, òun náà á ká tiẹ̀ lérí kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè rí i. Kò sí ẹni tó ń fi í ṣeré.

Morẹ́nikẹ́, àkọ́bí mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé girama nígbà náà. Wọ́n ti dá bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́, kò sí bí a ṣe lè rán an lọ síwájú. Mo bẹ súpáfáísọ̀, wọ́n gbà á síṣẹ́. Mo tún bẹ̀ ẹ́ pé máṣíìnì tí wọ́n máa fún un, kó jẹ́ ibi tí ojú mi á ti máa tó o. Mo ti rí i tí máṣíìnì mú ìka èèyàn rí, ẹ má dá mi lẹ́bi. Kí n tó kọ́ ọmọ yẹn bí wọ́n ṣe ń so òwú tó já, mo ti kọ́ ọ ní àmì kíkáwọ́ lérí.

Ìlú wá gbóná. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ̀hónú hàn, wọ́n ń sun táyà láàárín títì, ọkọ̀ àwọn sójà sì ń lọ ó ń bọ̀ lágbègbè ilé iṣẹ́. Ẹ̀rù ba máníjà wa, ó gba sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì kó wá máa ṣọ́ wa. Sájẹ́ńtì là ń pè é. Ọkùnrin yẹn dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìhunṣọ, ó wo bí ọwọ́ ṣe ń gbéra láti máṣíìnì kan sí èkejì, kò sì mọ ohun tí à ń sọ. Ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́.

Ó kó gbogbo wa jọ sí iwájú gétì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní lásìkò yìí, ìjọba ò fẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí mọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ sọ̀rọ̀, ẹni tó bá ní nǹkan sọ kó fẹnu sọ ọ́. Ẹni tí òun bá rí tó ń ṣe àmì, ọ̀tẹ̀ ló ń dì, àwọn sójà ni òun máa fà á lé lọ́wọ́.

Ìyá Ìjẹ̀bú ní, "Sájẹ́ńtì, tí imú bá wá ń yún mi ńkọ́? Ṣé kí n kọ́kọ́ wá gba àṣẹ?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Sájẹ́ńtì ò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ máa ṣàwàdà yín lọ. Ẹni tí inú rẹ̀ mọ́, kí ló ń fi pamọ́?"

Súpáfáísọ̀ gbìyànjú o. Ó ní ká fi àwọn àmì iṣẹ́ han Sájẹ́ńtì, kó lè rí i pé kò sí nǹkan kan ńbẹ̀. Sájẹ́ńtì ní rárá, tí a bá fi mẹ́wàá han òun lónìí, a ó dá mẹ́wàá mìíràn sílẹ̀ lọ́la. Fèrè ló gbé lé súpáfáísọ̀ lọ́wọ́, ó ní tí ewu bá wà, kó fọn ọ́n. Fèrè! Nínú ariwo yẹn!

Kí n má parọ́, àwọn kan ti fi àmì ọwọ́ bára wọn jí aṣọ jáde rí. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò ní gétì lọ́wọ́ ti tẹ̀ wọ́n. Kò sí ẹni tó ní láti di ọwọ́ gbogbo wa kó tó rí olè mú.

A tẹ̀lé òfin. Kí la fẹ́ ṣe? Iṣẹ́ ò sí níta. Mo kìlọ̀ fún Morẹ́nikẹ́ kó má gbọ́wọ́ sókè rárá, kódà kó má fi nu òógùn tí Sájẹ́ńtì bá wà nítòsí. Yàrá ìhunṣọ wá dà bí ibi tí àwọn tí kò mọra wọn ti ń ṣiṣẹ́. Mo rí obìnrin kan tó ń sunkún nídìí máṣíìnì rẹ̀ títí ṣíìfù fi parí, torí kò lè fi àtàǹpàkò ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo àwa tó wà nítòsí rẹ̀ la mọ ohun tó ṣe é. Kò sí ẹni tó lè kúrò níbi tó wà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà wá bẹ́. Máṣíìnì Morẹ́nikẹ́ há. Ó lọ gbé òwú wá, nígbà tí kò sí níbẹ̀ ni Ràṣídì dé. Fítà wa tó ń tún máṣíìnì ṣe nìyẹn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀yìn máṣíìnì, ó ki apá rẹ̀ méjèèjì bọ inú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, ẹni tó sún mọ́ ibẹ̀ jù á ti káwọ́ lérí títí tí ẹni tó ni máṣíìnì á fi dé. Súpáfáísọ̀ tó ni fèrè ò sì sí nínú yàrá.

Morẹ́nikẹ́ dé láti apá iwájú. Kò lè rí Ràṣídì níbi tó wà. Kò mọ̀ pé fítà ti dé, ó fẹ́ tún tan máṣíìnì rẹ̀ wò. Ó gbé òwú kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí irin tí wọ́n fi ń tàn án.

Mo pariwo. Mo lóhùn o, ẹ bi àwọn tó mọ̀ mí! Èmi fúnra mi ò gbọ́ ohùn ara mi. Kí n sáré? Máṣíìnì tó wà láàárín wa kì í ṣe díẹ̀. Kí ni ìyá á ṣe?

Mo káwọ́ lérí.

Ọmọ tó bá rí ìyá rẹ̀ tó káwọ́ lérí, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó fa ọwọ́ kúrò lára irin yẹn bíi pé iná jó o. Kò dúró ronú, òun náà káwọ́ lérí bí mo ṣe kọ́ ọ. Àwọn obìnrin tó rí i ká tiwọn lérí. Ràṣídì yọ apá rẹ̀ jáde, ó dìde, ó rí irin tí ọmọ náà ti fẹ́ dì mú, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni Sájẹ́ńtì ti yọjú sí ẹnu ọ̀nà. Kò rí Ràṣídì. Àwọn obìnrin tó káwọ́ lérí ló rí, Morẹ́nikẹ́ ló sì sún mọ́ ọn jù. Ó gbá a lápá mú, ó wọ́ ọ jáde.

Mo sáré tẹ̀lé wọn dé yàrá kékeré tó wà ní gétì. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta, ṣùgbọ́n fèrèsé ṣí díẹ̀, mo ń rí ẹ̀gbẹ́ ojú ọmọ mi, mo sì ń gbọ́ wọn. Sájẹ́ńtì ní ta ló ní kí wọ́n dáṣẹ́ sílẹ̀? Morẹ́nikẹ́ ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sà, èèyàn wà nínú máṣíìnì ni. Sájẹ́ńtì ní gbogbo obìnrin yẹn ń ṣọ̀fọ̀ nítorí fítà kan? Ta ló kú? Ó wá ní tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá mọ́, kó fi gbogbo àmì han òun, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe ti òwú tó já. Ó ṣe ti irùngbọ̀n súpáfáísọ̀.

"Èyí tí ẹ máa ń fi àtàǹpàkò ṣe lọ́rùn ọwọ́ ńkọ́?"

Morẹ́nikẹ́ káwọ́ sẹ́yìn.

"Mo ní kí nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ti àwọn ìyá ni. Kì í ṣe tèmi láti sọ."

"Hẹ̀n-ẹn! Ó ti jáde. Ó yá, àwọn sójà ń bọ̀ wá mú ọ. Wàá sọ ọ́ fún wọn."

Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe àmì, kó mú èmi. Ó la ilẹ̀kùn díẹ̀, ó wò mí nílẹ̀.

"Ìyá, ẹ dìde. Tí ọmọ yín ò bá ní ohun tó ń fi pamọ́, kó sọ ọ́."

Ẹ gbọ́ ọ? Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kọ sínú gúrúùpù láàárọ̀ yìí náà nìyẹn!

Ìtumọ̀ àmì yẹn ti wà lẹ́nu mi. Mo la ẹnu. Láti ẹ̀yìn Sájẹ́ńtì, Morẹ́nikẹ́ mi orí sí mi pé rárá. Ó tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni, kì í ṣe èmi nìkan ni mo ni ín. Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi ni wọ́n fẹ́ gbé lọ! Mo sáré padà sínú yàrá ìhunṣọ láti lọ bi àwọn obìnrin bóyá kí n sọ ọ́.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi wọ́n? Mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ìjẹ̀bú, mo pariwo sí i létí. Kò gbọ́. Ó gbé ọwọ́ láti bi mí pé kí ló dé, ó rántí òfin, ó gbé e sílẹ̀. Ó wo ojú mi. Ó wo máṣíìnì rẹ̀. Ó wá fa irin, ó pa á.

A ò tíì gbọ́ra. Ó nawọ́ bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pa tiẹ̀. Ìyẹn náà yíjú, ó rí mi, ó lọ bá ẹlòmíràn. Báyìí ni ariwo náà bẹ̀rẹ̀ sí rọlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dákẹ́. Mo gbọ́ ẹyẹ lórí páànù. Ẹyẹ! N kò mọ̀ pé ẹyẹ máa ń wà níbẹ̀.

Ìyá Ìjẹ̀bú ní, "Ó yá, Ìyá Morẹ́nikẹ́. Wọ́n ní ká máa fẹnu sọ̀rọ̀. Sọ ọ́ ká gbọ́."

Mo sọ ọ́. Mo bi wọ́n pé ṣé kí n sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Ìyá àgbà kan tó wà lẹ́yìn, tí kì í sọ̀rọ̀, ló dáhùn. Ó ní kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Ó ní kì í ṣe torí pé ó burú, torí pé tiwa ni.

Ẹsẹ̀ máníjà ló tún dún. Sáré ló sáré dé, nítorí ilé iṣẹ́ tó dákẹ́ lọ́sàn-án gangan, bí òkú ló ṣe rí létí ọ̀gá. Ó ní kí ló dé, ṣé a ti dáṣẹ́ sílẹ̀ ni?

Ìyá Ìjẹ̀bú kúnlẹ̀ kí i wẹ́rẹ́. "Ká má rí i sà! Sájẹ́ńtì ní ká máa fẹnu sọ̀rọ̀, a sì ń sọ ọ́. Tí a bá parí, a ó tan máṣíìnì. Tí òwú bá já, a ó tún pa gbogbo ẹ̀, ká lè ké pe fítà kó gbọ́."

Ràṣídì sún síwájú, gírísì wà lára rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó na apá méjèèjì sí máníjà. "Ọ̀gá, ẹ wò ó. Ọpẹ́lọpẹ́ àmì tí wọ́n torí ẹ̀ mú ọmọ yẹn ni mo fi ṣì ní apá."

Mi ò ní sọ pé àánú wa ṣe máníjà. Ó wo apá Ràṣídì, lẹ́yìn náà ó wo àwọn máṣíìnì tí kò hun aṣọ. Mo rò pé èyí tó kẹ́yìn yẹn ló gbọ́. Ó yíjú, ó kọrí sí gétì.

Ọkọ̀ àwọn sójà ti dé. Mo gbọ́ họ́ọ̀nù wọn kí n tó rí wọn. Sájẹ́ńtì ti mú Morẹ́nikẹ́ jáde síta, ó dì í lápá mú. Máníjà sáré lọ bá sójà tó jókòó síwájú ọkọ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ni, àṣìṣe ni, àwọn ti yanjú rẹ̀. Ọmọ mi ni sójà yẹn ń wò, láti orí dé ẹsẹ̀. N kò lè ṣàlàyé fún yín bí ìwò yẹn ṣe pẹ́ tó. Ó wá fi ọwọ́ lu ara ọkọ̀, wọ́n fi ọmọ mi sílẹ̀, wọ́n lọ.

Kò sí ẹni tó kéde pé òfin ti parí. Ṣùgbọ́n bí a ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́, òwú obìnrin kan já, ó ṣe ìka méjì sókè. Sájẹ́ńtì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ orí ba, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Ẹ máa rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Kò parí. Títí dòní, Morẹ́nikẹ́ tó ti di ìyá ọmọ ní Ìfàkọ̀-Ìjáyè, tó bá wà láàárín àwọn tí kò mọ̀, ó máa ń jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Àwọn ọmọ rẹ̀ rò pé òtútù ló ń mú un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kọ mẹ́sééjì sí mi, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń tì pa yẹn. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni, ohun tí dókítà sọ fún un, tí kò tíì sọ fún ẹlòmíràn. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ látìgbà náà. Ohun tó kọ, n kò ní sọ fún yín. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀tẹ̀. Tiwa ni.

Ohun tí mo kọ́ nìyí: ọwọ́ tí a fi pa ọ̀rọ̀ ara obìnrin mọ́, òun náà la fi gba apá Ràṣídì là. Ẹni tó bá so ọ̀kan, ó ti so èkejì. Ẹ sì máa ní ìjọba nìkan ló máa mú kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́. Ṣé ẹ mọ ẹni tó máa jókòó sí ìdí rẹ̀ lọ́la ni? Ìjọba kọ́ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ mi ní gétì, Sájẹ́ńtì kan ni. Tí ẹ bá ń wá ajínigbé, ẹ yẹ ẹrù ajínigbé wò.

Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí, èyí tí ẹ bá lè sọ nìkan o. Àdúrà kọ́ ni mo fi ń parí ọ̀rọ̀ mi, ẹ̀bẹ̀ ni. Tí aṣojú tí ẹ dìbò fún bá bi yín nípa irú òfin yìí, ẹ sọ fún un pé ẹ ò fẹ́ ẹ. Tí kò bá sì bi yín, ẹ lọ bá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé ẹ ò ní ohun tí ẹ ń fi pamọ́.